Ọkọ̀ Kẹrìnlá

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: mò ń jowú Lemuel Broadnax. Mò ń jowú rẹ̀ débi pé bí ó bá rẹ́rìn-ín ní ìpẹ̀kun ọgbà ọkọ̀ lọ́hùn-ún, màá ju sípánà ọwọ́ mi sílẹ̀ níbi tí mo wà. Mò ń jowú ife kọfí rẹ̀ tí etí rẹ̀ ti kán láti bí ọdún mẹ́fà, tí kò sì sẹ́ni tó jí i, bẹ́ẹ̀ tèmi kì í pé oṣù méjì kí wọ́n tó gbé e lọ. Mò ń jowú bí àwọn ọmọ ogun ṣe máa ń dákẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ mi, bí mo bá sì pariwo tán, wọ́n á ní inú ń bí mi.

Èmi ni Clete Haskamp, ọmọ àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun láti Nebraska. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń tún ọkọ̀ ológun ṣe. Broadnax náà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Adúláwọ̀ ni, ọmọ Georgia. Sájẹ́ǹtì lòun, sájẹ́ǹtì lèmi, oyè kan náà ló wà léjìká wa, àmọ́ ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣáájú rẹ̀ dé ipò náà. Ẹ fi ọdún méjì yẹn sọ́kàn, torí èmi fúnra mi kò yé fi í sọ́kàn.

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, sájẹ́ǹtì àgbà ẹgbẹ́ wa fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọgọ́fà ènìyàn la wà nínú ẹgbẹ́ náà, ní bárékè wa ní Kansas, sájẹ́ǹtì àgbà kan ṣoṣo ló sì wà fún gbogbo wa. Òun ló mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun ló mọ ẹni tí ọtí ti ń bà jẹ́, òun ni ọ̀gágun máa ń bi léèrè kó tó pàṣẹ. Ipò yẹn ni mo ti ń lá lálàá láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pé. Ọ̀gágun wa, Pruett, pe gbogbo wa jọ síwájú àwọn ọkọ̀, ó ní, "Broadnax ni." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tu itọ́ funfun jáde.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Darlene ìyàwó mi pé àwọ̀ ni wọ́n wò.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Ṣé mi ò lójú ni?"

"Ojú tí o fi ń wo Broadnax yẹn, Clete, kò ríran dáadáa mọ́."

Mo jókòó sídìí tábìlì, mo kọ ìwé ẹ̀sùn olójú ìwé méjì. Mo kọ ọ́ pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ mi dù mí nítorí pé mo jẹ́ aláwọ̀ funfun. Kí ọ̀rọ̀ mi lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo da gbólóhùn mẹ́fà kọ láti inú ìwé ìjẹ́rìí mi ti ọdún méje sẹ́yìn. Lọ́dọọdún ni ọ̀gá ẹni máa ń kọ ìwé ìjẹ́rìí nípa iṣẹ́ àti ìwà ẹni nínú iṣẹ́ ológun. Àwọn ìgbìmọ̀ tí kò rí ọ rí ni yóò kà á níbi tó jìnnà, wọ́n á fi pinnu bóyá kí o gòkè tàbí kí o jókòó síbi tí o wà. Bí ìwé náà bá dùn, orí rẹ ti ṣe é. Bí ó bá gbẹ, ó tán.

Olóògbé Stroud ni orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ tèmi. Òun ni ọ̀gá èmi àti Broadnax nígbà yẹn. Bàbá ni fún mi. Bàbá tó bí mi lọ́mọ kò mú mi lọ pẹja rí láyé, Stroud mú mi lọ. Àìmọye Sátidé la fi jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, tí a ju ìwọ̀ sómi, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì la ẹnu fún wákàtí méjì. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kú. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn, mo mọ̀ ọ́n sórí ju àdúrà lọ. Ibì kan wà níbẹ̀ tó sọ pé mo kó ọkọ̀ mẹ́rìnlá wálé láti inú yìnyín Wyoming, níbi tí àwọn mìíràn ti ní kí a pa wọ́n tì. Bẹ́ẹ̀ mẹ́tàlá ni mo kó wálé. Èmi ni mo kà wọ́n, mo sì mọ iye tí wọ́n jẹ́. Mo gbà pé bàbá náà ló fi ẹyọ kan lé e, pé ìfẹ́ ló mú un fi lé e. Ẹyọ kan yẹn dùn mọ́ mi nínú ju mẹ́tàlá tó kù lọ.

Òfin fún olùfisùn ní ọgọ́ta ọjọ́. Àmọ́ ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ayẹyẹ tí Broadnax yóò fi gba ipò. Bí ìwé mi bá fi lè wọ fèrèsé Arriaga kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Fúráídè, ayẹyẹ yóò dúró títí wọn yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì lè dúró bẹ́ẹ̀ títí láé. Arriaga ni ọ̀gá tó ń gba ẹ̀sùn báyìí, òun náà ló sì ń darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún lórí ẹ̀tọ́ gbogbo ẹ̀yà, tí àwa máa ń pè ní ẹ̀kọ́ àwọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbé ìwé ẹ̀sùn yẹn kiri nínú àpò àyà mi. Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò tíì fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ kó dùn ni. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn wà níbẹ̀, kí Broadnax náà wà níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà já lù ú lójú gbogbo ayé. Ẹ̀kọ́ àwọ̀ bọ́ sí àárọ̀ Fúráídè yẹn, inú mi dùn bí ẹni rí ẹran ọdún.

Gbọ̀ngàn ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bárékè la ti ṣe é. Bó ṣe máa ń rí ni pé wọ́n á tan àwòrán sára ògiri, a ó jẹ dónọ́ọ̀tì, a ó sùn, a ó buwọ́ lùwé, a ó lọ. Arriaga, obìnrin kúkúrú kan láti Texas, dúró níwájú. Ohùn rẹ̀ kì í ga, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rí ọjọ́ tí yóò ga.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó lọ sùn sínú ọkọ̀ rẹ̀. Mi ò tan àwòrán kankan lónìí."

"Háà, ọ̀gá, àwòrán yẹn ni ìrọ̀rí wa," ni Nygaard wí. Kọ́pórà ni Nygaard, ọmọ Minnesota tí irun rẹ̀ pupa bí àgbàdo. Kò sí ibi tí kì í ti ṣe yẹ̀yẹ́.

"Nygaard, bí o bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìwọ ni màá fi ṣe àwòrán." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. "Mo ní kí àwọn sájẹ́ǹtì mú ìwé ìjẹ́rìí tó gbé wọn ga jù wá. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo ní. Ta ló kọ ọ́? Níbo ló ti mọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀? Ta ni kò sí níbẹ̀?"

Mo ti dìde kí ó tó panu dé.

"Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ. Ọ̀gá Stroud ló kọ tèmi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Nygaard, gbà, kà á sókè. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mò ń yin ara mi."

Nygaard gbà á, ó sì kà á. Ẹ bá mi gbọ́ bó ṣe dùn tó: "'Bí ẹ bá fún Haskamp ní irin tó ti kú, yóò fi etí tì í, yóò sì sọ ohun tó pa á fún yín. Àwọn ọ̀dọ́ kì í bẹ̀rù rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Ó kó ọkọ̀ mẹ́rìnlá wálé láti inú yìnyín Wyoming...'"

Ibẹ̀ ni mo ti yíjú wo Broadnax, kí n lè rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa rẹ̀. Ìjókòó kejì sí ẹnu ọ̀nà ló wà, ó di ọwọ́ mọ́ àyà. Ètè rẹ̀ ń mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Àfi ìgbà tí mo wò ó dáadáa tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí Nygaard ń kà ló ń pè wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń ṣáájú Nygaard pè é. Mo gbé e kúrò lọ́kàn.

"Ìwé náà dùn," ni Arriaga wí. "Níbo ló ti mọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀?"

"Lórí adágún omi. Sátidé Sátidé la máa ń lọ pẹja nínú ọkọ̀ rẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Èmi, Stroud, Keller, Voss, àwọn Dietz méjèèjì." Mo fi ìka kà wọ́n.

"Gbogbo orúkọ yẹn funfun ju yìnyín Wyoming lọ," ni Nygaard tún wí, ilé sì dà rú fún ẹ̀rín.

Inú bí mi. "Ẹja kì í wo àwọ̀!"

"Ẹja kọ́ ló ń kọ̀wé ìjẹ́rìí, Sájẹ́ǹtì," ni Arriaga dáhùn. "Ta ni kò sí níbẹ̀?"

Broadnax ló gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Èmi ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá, ẹ ní ká mú èyí tó gbé wa ga wá. Èyí tó dá mi dúró ni mo mú wá, torí kò gùn, kò ní gbà yín lákòókò." Ó ṣí bébà kan tó ti gbó. "'Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ.' Stroud ló kọ ọ́. Ọdún kan náà ni pẹ̀lú ti Haskamp."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi ni orí mi wú. Mo ní, "Ẹ ò gbọ́ bí? Ọkùnrin kan náà! Ọdún kan náà! Ojú kan náà ló fi wo àwa méjèèjì. Ó kọ odindi ojú ìwé fún mi, ó kọ ìlà mẹ́ta fún un. Ìwé mi ló jẹ́ kí n fi ọdún méjì ṣáájú rẹ̀ gòkè. Lónìí, ta ni wọ́n wá gbé ipò fún? Bí kì í bá ṣe àwọ̀, kí ni?"

Arriaga yíjú sí mi. "Ṣé ẹjọ́ lẹ fẹ́ fi sùn?"

Mo gbá àpò àyà mi. "Ó wà níbí."

"Fèrèsé mi á ṣí títí di aago márùn-ún."

Broadnax ká ìwé rẹ̀, ó fi í sápò. Kò wò mí. Bó bá ti bú mi ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó yẹ kí n gba fèrèsé lọ tààrà. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lóòótọ́. Ètè ọkùnrin yẹn ni kò jẹ́ kí n wọlé. Ta ló máa ń mọ ìyìn ẹlòmíràn sórí? Èmi tó ni ín ni mo mọ̀ ọ́n. Stroud tó kọ ọ́ ti kú. Mo ronú pé bóyá ó jí i kà ni, bóyá òun náà ń jowú mi, ẹ sì wò ó, inú mi dùn díẹ̀ sí ìyẹn. Mo yí padà, mo gba ọgbà ọkọ̀ lọ kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi.

Mo bá a níbi tó jókòó lé táyà, ó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran tòlótòló sí láàárín. Ife olétí kíkán yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Broadnax, níbo lo ti rí ìwé mi kà?"

"Ìwé wo?"

"Má ṣe mí bí òmùgọ̀. Mo rí ẹnu rẹ."

Ó gé búrẹ́dì sẹ́nu. "'Mo ti rí mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀, mo sì ti rí èyí tó mọ ènìyàn. Haskamp ni mo rí tó mọ méjèèjì. Ẹ gbé e ga kíákíá.'"

Gbólóhùn tó kẹ́yìn ìwé mi nìyẹn. Nygaard kò kà á débẹ̀.

"Ta ló fi hàn ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó fi hàn mí. Èmi ni mo kọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde dáadáa. "Irọ́ lò ń pa."

"Clete, o bá Stroud rìn tó ọdún mẹ́rin. Ṣé o rí i rí kó kọ ohun tó ju orúkọ rẹ̀ lọ? Ọwọ́ bàbá yẹn mọ sípánà, kò mọ bírò. Ẹ̀yin tí ó yẹ kó kọ ìwé fún, ẹ̀yin mọ́kànlá, èmi ni mo kọ ti gbogbo yín. Á kó fáìlì lé mi lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ Fúráídè, á ní, 'Broadnax, ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ sọ, bá mi tún un ṣe.' Sátidé ni mo máa ń kọ ọ́. Ọ́fíìsì máa ń dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo yín ti lọ sórí omi."

Mo jókòó lé táyà kejì láìjẹ́ pé ó ní kí n jókòó.

"Wyoming ńkọ́?" ni mo bi í. "Mẹ́tàlá ni mo kó wálé. Stroud ló fi ẹyọ kan lé e fún mi."

"Mẹ́tàlá lo kó wálé lóòótọ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ ìnuwọ́. "Ó ku ẹyọ kan lórí òkè. Ìwọ àti àwọn ènìyàn rẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Èmi nìkan ni mo dúró tì í, mo tún un ṣe, mo wà á wálé lọ́jọ́ kejì. Kò sí nǹkan tó ń mú ọkọ̀ gbóná nínú rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ mi méjì kò tíì mọ nǹkan lára títí dòní. Nígbà tí mo ń kọ ìwé, mo bi Stroud pé ibo ni kí n fi ọkọ̀ kẹrìnlá sí. Ó ní, 'Fi kún ti Clete, ilé kan náà ni gbogbo wa.'"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì tó bẹ́ lójú mi rí, èyí pa mí létí jù ú lọ. Ọkọ̀ tí mo pè ní ìfẹ́ bàbá, ọkọ̀ Broadnax ni. Ọdún méje ni mo fi gùn ún.

"Tìrẹ ńkọ́? Ìlà mẹ́ta yẹn?"

"Ó ní kò bójú mu kí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìjẹ́rìí ara rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ni yóò kọ tèmi. Ó sì kọ ọ́ lóòótọ́." Ó fa bébà gbígbó yẹn yọ, ó nà án sí mi. "Bí ọ̀bẹ bá mú tó mú, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀."

Mo gbà á. Ọwọ́ Stroud ni lóòótọ́, bírò ló fi kọ ọ́, lẹ́tà gbàgàdàgbagada tó wọ́ bí ẹni tó ti mutí. Mo máa sọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bú mi. Kàkà kí àánú rẹ̀ ṣe mí, mo jowú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni, àmọ́ bàbá náà jókòó, ó làágùn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Èmi tí mo ń pè é ní bàbá, tí mo ru pósí rẹ̀, kò kọ lẹ́tà kan nípa mi láyé rẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi kọ tèmi dùn tó bẹ́ẹ̀?" Ohùn mi kò le mọ́.

"Torí òtítọ́ ni. Yàtọ̀ sí ọkọ̀ kan yẹn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mò ń wò ọ́ níṣẹ́, ọwọ́ rẹ dára. Ohun tí mo rí ni mo kọ." Ó gbé ife rẹ̀. "Kò kàn sẹ́ni tó ń wo èmi ni."

"Kí ló dé tí o kò sọ láti ọjọ́ yìí?"

"Kí n wá bá yín lórí omi pé, ẹ jọ̀ọ́ o, ìyìn yín yẹn, èmi ni mo kọ ọ́? Ẹ̀ bá ní mò ń jowú."

Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Ó dìde, ó padà sídìí ọkọ̀ tó ń tún ṣe, ó fi èmi àti táyà sílẹ̀.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú ogún nígbà tí mo dé fèrèsé Arriaga. Ẹ má rò pé mo lọ síbẹ̀ láti fa ìwé ya. Owú kì í kú lójijì bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà ni pé, ó dáa, ó kọ̀wé fún mi, ta ló ní kó kọ ọ́? Ìyẹn kò ní kí n má di sájẹ́ǹtì àgbà. Mo yọ ìwé jáde, mo tẹ́ ẹ sórí pákó. Bí mo ṣe fẹ́ tì í sí Arriaga ni ojú mi bọ́ sórí gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo dà kọ, èyí tó sọ pé èmi ni mo mọ ọkọ̀ tí mo sì mọ ènìyàn. Mo gbọ́ ọ ní ohùn Broadnax, pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu.

"Ẹ yá mi ní bírò," ni mo wí.

Mo fa ìlà lé gbólóhùn náà. Mo fa ìlà lé èkejì. Arriaga na ọrùn.

"Kí lẹ̀ ń ṣe, Sájẹ́ǹtì?"

"Mò ń yọ ohun tí kì í ṣe tèmi kúrò."

Mo pa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ́. Mo dé ibi tí mo kọ ọ́ sí pé mo fi ọdún méjì ṣáájú rẹ̀ gòkè. Kí ló gbé mi gòkè? Ìwé yẹn náà ni. Mo pa á rẹ́. Mo pa ọkọ̀ kẹrìnlá rẹ́. Ibi tí mo ti ní àwọ̀ ni wọ́n fi dù mí, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́, mo pa òun náà rẹ́. Gbogbo ohun tí mo kọ pé mo jẹ́, ọwọ́ kan náà ni mo ti rí i yá. Nígbà tí mo ṣe tán, ojú ìwé méjèèjì dúdú fún ìlà, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù tó jẹ́ pé èmi ni mo ronú rẹ̀ fúnra mi: "Wọ́n fún un, wọn kò fún mi."

Arriaga kà á. Kò fi mí ṣẹ̀sín.

"Bó ṣe rí yìí náà, mo lè gbà á. Òfin ní kí n gbà á. Bí mo bá sì ti fi òǹtẹ̀ lù ú, kò sí ayẹyẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Ó gbé òǹtẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. "Àmọ́ ibì kan ṣófo nísàlẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe fún yín?"

Mo mú bírò dání. Ẹ bá mi wo òǹtẹ̀ yẹn, kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ó wù mí. N ò ní purọ́ fún yín, ó wù mí bí omi tútù. Mo fẹ́ rí ojú Broadnax bí wọ́n bá sọ fún un pé kó dúró ná. Mo fẹ́ kí òun náà mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn.

Nígbà náà ló wá sí mi lọ́kàn pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì ló fi dúró.

"Mo fẹ́ kí Stroud fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tèmi," ni mo wí. Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

"Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi," ni Arriaga dáhùn jẹ́ẹ́.

Mo ká ìwé náà, mo fi sápò. Arriaga fa fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí aago lù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọgọ́fà wa to lẹ́sẹẹsẹ lórí pápá. Afẹ́fẹ́ Kansas ń fẹ́ fìlà àwọn àlejò. Sájẹ́ǹtì àgbà tó ń lọ fi idà lé ọ̀gágun Pruett lọ́wọ́, Pruett sì fi lé Broadnax lọ́wọ́, bí wọ́n ti ń ṣe é láti ayébáyé. Broadnax gbà á, ó dúró ṣánṣán. Mo wo bàtà rẹ̀, mo ronú ìka méjì tí kò mọ nǹkan lára nínú rẹ̀. Wọ́n ní ká pàtẹ́wọ́, mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi ta mí. Inú mi ṣì ń jó. Ó kàn jẹ́ pé mo ti wá mọ ohun tó ń jó níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé tèmi ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú wa ká, ó wá bá mi níbi tí wọ́n ti ń pín kéèkì. Ó gbé ife olétí kíkán rẹ̀ dání.

"Haskamp, ìwé ìjẹ́rìí rẹ ti tó kọ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀gágun ní kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ wá fún mi."

"Ẹ gbọ́, Sájẹ́ǹtì àgbà, mi ò kọ ọ́ rí. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ó mu kọfí. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ dé.

"Ìlà mẹ́ta ti tó," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Níbi tí mo dúró sí, mo ń wá èsì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti fi dá a lóhùn. Mi ò rí i. Àní àwàdà yẹn náà, mo jowú rẹ̀.